Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Samuel Lájídé Yàn ní Kàdúná

Èmi ni Samuel Lájídé kọ́kọ́ sọ fún nígbà tí ó pinnu pé òun yóò ra ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1954. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n fún tíṣà ní ilé ìwé ìjọ wa ní Kábà, mò ń mákì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó wá, ó fa àpótí kan jókòó, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé sí àwọn tí ń ta irin ẹ̀rọ ìlọta ni. Nígbà tí ó sọ ohun tí ó fẹ́ kí n kọ, mo gbé kálàmù sílẹ̀, mo wo ojú rẹ̀ bóyá ibà ń ṣe é.

Ibà kọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni Lájídé, kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n nígbà ogun ńlá, wọ́n mú un lọ sí Takoradi, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n kó nínú àpótí láti ìlú òyìnbó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń di irin wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ni ó fi ń ran aṣọ tí wọ́n fi ń bo apá wọn. Lẹ́yìn ogun, ó bá òyìnbó awakùsà kan ṣiṣẹ́ ní Jos. Òyìnbó yìí ní bàálù tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn Lájídé débi pé ó kọ́ ọ bí a ṣe ń wà á, títí ìjọba fi fún un ní ìwé àṣẹ. Ó di ìwé náà sínú ọ̀rá, ó gbé e padà wá sí Kábà ní ọdún 1951. Ó ra ẹ̀rọ ìlọta kan àti lọ́rì àlòkù kan, ó sì fẹ́ Abigail.

Ọmọ Òkè-Bùkún ni Abigail, ní ilẹ̀ Bùnú. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ń bẹ̀rù omi. Odò méje ni ọ̀nà ń gbà kọjá láti Òkè-Bùkún dé Kábà nígbà náà, orí ìtì igi tí wọ́n tò mọ́ra ni ọkọ̀ sì ń gbà sọdá wọn. Bí ó bá wà nínú lọ́rì ọkọ rẹ̀, á máa ka odò náà sókè, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọn yóò fi sọdá èyí tó kẹ́yìn.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1953, ó lọ bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìrọbí mú un ní ọjọ́ Ajé. Títí di Ọjọ́rú, ọmọ kò tíì wá. Lájídé gbé lọ́rì lọ, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé Abigail sí i, kí wọ́n lè gba Kábà gbé e dé ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kò sì tíì dá. Wọ́n sọdá odò kìíní, wọ́n sọdá èkejì. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹta, omi ti gbé ìtì igi lọ. Wọ́n fẹ́ ṣẹ́rí padà, táyà ẹ̀yìn rì sínú ẹrẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Abigail kú, tòun tọmọ inú rẹ̀. Ọkùnrin tí ìjọba fún ní ìwé pé ó lè fò, inú ẹrẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan.

Nítorí náà mo kọ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sí àwọn pápá tí àwọn òyìnbó ń kó bàálù wọn sí. Ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Bàálù tí òun ń wá gbọ́dọ̀ lè balẹ̀ lórí pápá kúkúrú. Apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè orí awakọ̀, kí koríko má baà máa gbá a. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè nà gbalaja nínú rẹ̀. Ti owó, yóò ta lọ́rì, yóò sì fi owó kọfí tó ká lóko rẹ̀ ní ọdún méjì kún un, kò sí mìíràn. Mo ní ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ lè ra bàálù. Ó ní òyìnbó tó bá ń padà sílé kì í lè gbé e sínú báàgì, àlòkù rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n; ohun tí yóò máa jẹ lẹ́yìn tí a bá ti rà á ni kéèyàn wò.

“Tíṣà,” ó ní, “kì í ṣe owó ẹṣin ló ń pa ẹlẹ́ṣin. Koríko rẹ̀ ni.”

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó lọ síwájú. Láti nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ará Òkè-Bùkún ti ń gbọ́ ìró kan. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àwọn tó wà lóko á gbọ́ bàálù kékeré tó ń yí po lókè, wọn á gbé ojú sókè, wọn kò ní rí nǹkan kan. Ìró náà á máa lọ sílẹ̀ bíi pé ó fẹ́ balẹ̀, á sì dákẹ́ lójijì. Wọn kì í gbọ́ kó lọ. Èmi alára gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo lọ bẹ ilé ìwé wọn wò. Sánmà mọ́ tónítóní lọ́jọ́ náà. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹko níwájú mi gbé orí sókè, ó sì ń fi ojú tẹ̀lé ohun kan tí èmi kò rí, láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, díẹ̀díẹ̀, títí ìró náà fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí koríko rẹ̀.

Èsì lẹ́tà wa dé ní oṣù Kejìlá. Bàálù mẹ́ta wà fún títà ní pápá kan náà ní Kàdúná. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, a wọ lọ́rì dé Ìlọrin, a sì wọ rélùwéè dé Kàdúná. Òyìnbó tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú níbẹ̀ wò wá fún ìgbà díẹ̀ kó tó kí wa. Samuel nìkan ló rí kà nínú orúkọ tó wà lábẹ́ lẹ́tà, ó sì ti gbà pé òyìnbó ẹlẹgbẹ́ òun ni. Ó gba ìwé àṣẹ Lájídé, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe mẹkáníìkì wọn pé kó fi ọkọ̀ hàn wá.

Moses ni mẹkáníìkì náà ń jẹ́, ọmọ Igbaruku ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Nígbà tí ó gbọ́ ohùn wa, ó ní, “Okun o,” inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò ti rí ẹni tí òun lè kí ní èdè wa báyìí ní ibi iṣẹ́. Ó mú wa wọ inú ilé onípáànù gbàgàdà tí wọ́n ń kó bàálù sí.

Èkíní jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó ń dán bíi ṣíbí tuntun. Lájídé yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó bèèrè iye epo tó ń mu ní wákàtí kan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ó dára fún ẹni tó bá ní kànga bẹntirólù lẹ́yìnkùlé. Èkejì ní apá méjì-méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ìta gbangba sì ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Lájídé dùbúlẹ̀ sábẹ́ apá rẹ̀, ó fi èékánná tẹ igi ibẹ̀, èékánná náà sì wọlé. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní gọ́ọ̀mù tó mú igi mọ́ra ti ń rà. Àti pé kò sí ibi tí aláìsàn lè sùn sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi tapólì bò ó. Nígbà tí Moses ká tapólì náà, mo rí i pé kò bá wa lọ sí apá ibẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Bàálù aláwọ̀ ewé ni, apá kan ṣoṣo lókè orí, ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà ló ti wá. Ní ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, wọ́n ti ṣe àyè pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí ọta bá bà. Lájídé lo wákàtí kan gbáko nídìí rẹ̀. Ó fi oríkèé ìka kan apá rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó, ó ń tẹ́tí sí i. Ó fi àtàǹpàkò tẹ aṣọ tó bò ó. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó wo imú wọn. Ó fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ojú, bí ìgbà tí dókítà ń gbọ́ àyà èèyàn. Kò rí àbùkù kankan. Ó wá bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Kò tó ìdajì owó èkejì.

Inú mi dùn. Inú tirẹ̀ kò dùn. Ó yíjú sí Moses, ó bi í ní èdè wa pé kí ló ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín, nítorí ilé kan náà la ti wá,” Moses dáhùn. “Ọkọ̀ yẹn kò ní àléébù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ náà nìyẹn.”

Ó sọ fún wa pé òyìnbó kan tí ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ló ni ín. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1953, òyìnbó náà gbéra láti Minna ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Moses fúnra rẹ̀ dúró ní pápá, ó wò ó bó ṣe balẹ̀, ó ní òun kò rí ìbalẹ̀ tó dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà rìn wá síwájú ilé onípáànù, ẹ́ńjìnì kú, ilẹ̀kùn kò sì ṣí. Nígbà tí Moses lọ ṣí i, òyìnbó náà jókòó ṣánṣán, lẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù, ó sì ti le. Dókítà tó yẹ òkú náà wò ní kò lè dín ní wákàtí méjì tó ti kú. Láti Minna dé Kàdúná kò tó wákàtí kan ààbọ̀.

 Lájídé ní kí wọ́n mú ìwé ọkọ̀ náà wá, ìwé tí awakọ̀ ń kọ ọjọ́ tó gbéra, ibi tó lọ àti ohun tó rí sí. Akọ̀wé mú un wá láti inú àpótí onírin, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i lójú wa. Èmi ni mo ń kà á sókè. Lẹ́ẹ̀dì ni òyìnbó náà fi ń kọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ sì rí wẹ́wẹ́, ó dùn ún kà. Mo ka ìrìn-àjò rẹ̀ láti Minna, èyí tó yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan tún wà. Ọwọ́ kan náà ni, lẹ́ẹ̀dì kan náà. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1953 ló wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé: Kábà, apá àríwá. Mo balẹ̀. Mo dúró. Ẹnikẹ́ni kò wá.

N kò kà á jáde tán. Mo mọ ọjọ́ náà. Ìwé ìjọ tí a kọ ikú Abigail sí, èmi ni mo kọ ọ́.

Lájídé gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó tó ka ìyẹn. Moses búra pé láti oṣù Karùn-ún tí wọ́n ti fa epo inú ọkọ̀ náà gbẹ, kò kúrò lábẹ́ tapólì. Akọ̀wé bojú wo ìlà náà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀, ó ní ẹnì kan ló ń fi òkú ṣeré, ó sì fẹ́ fa ojú ìwé náà ya. Lájídé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́ pé kó fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, níbi táyà kékeré wà lábẹ́ ìrù. Ó fi ìka méjì fa nǹkan kan yọ láàárín irin ibẹ̀. Ẹ̀ka igi kékeré ni, ó ti gbẹ, ewé méjì àti èso mẹ́ta ṣì wà lára rẹ̀. Kọfí ni. Moses mú un, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní òun kò rí igi kọfí rí láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé wá sí Kàdúná.

A jáde sínú oòrùn. Mo bẹ Lájídé pé kí a fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ní kó ra èkejì, kí a pààrọ̀ àwọn igi rẹ̀, tàbí kí a padà sílé ká dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Mo rò pé lọ́rì mìíràn ló ń bọ̀ ní òdìkejì odò. Mo kígbe títí ìró náà fi dákẹ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo rò pé orí mi ló dàrú.”

 Ó bojú wo ilé onípáànù náà, ó ní, “Òun ló wá nígbà tí kò sẹ́ni tó wá. Èwo ni kí n tún yàn?”

Ó san owó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi yẹ ọkọ̀ náà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ó yẹ fún fífò, lẹ́yìn náà ni Lájídé ń fi í fò yí ká pápá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè padà. Kò sí ohun àjèjì kan tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ẹṣin tó mọ olúwa rẹ̀, ẹ̀rù mi sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tí í ṣe ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, èmi àti òun gbéra. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi òkè wo ilẹ̀. A balẹ̀ ní Minna, a bu epo. A sọdá odò Ọya, ó fẹ̀, ó funfun bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sóòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni eruku ọyẹ́ bò wá. N kò rí ilẹ̀ mọ́, n kò rí ọ̀run. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń yí gbirigbiri. Ní Kábà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ àti àwọn ọmọ mọ́sáláṣí ti ṣán pápá kan sílẹ̀ fún wa, wọ́n ní àwọn yóò dáná kí a lè rí èéfín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí èéfín nínú irú eruku bẹ́ẹ̀?

“Tíṣà,” Lájídé sọ ní ohùn pẹ̀lẹ́, “má bẹ̀rù. Èmi kọ́ ni mò ń wà á.”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé méjèèjì lé orúnkún. Ọ̀pá ìtukọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ń tẹ̀ sí òsì jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó mọ ọ̀nà ń yà. Ọkọ̀ náà yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀, mo sì dá ìró náà mọ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí. Eruku là, koríko gbígbẹ yọ lábẹ́ wa, a balẹ̀. Ẹ́ńjìnì dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á.

Pápá kan ni, lẹ́bàá àpáta, oko kọfí wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ Òkè-Bùkún ni a wà. Lábẹ́ igi kan, ìyá arúgbó kan jókòó nídìí òfì, ó ń hun aṣọ pupa tí àwọn Bùnú fi ń sin àgbà. Ìyá Babátọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè é, inú ahéré oko ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Kò dìde, kò sì yà á lẹ́nu. Ó kí wa, “Okun o.” Ó ní a pẹ́ kí a tó padà wá.

Lájídé kúnlẹ̀ kí i, ó ní kó ṣàlàyé. Ìyá ní ní ọjọ́ òjò ńlá kan, ní ọdún tó kọjá èṣín, bàálù aláwọ̀ ewé yìí balẹ̀ síbi tó dúró sí yìí gan-an. Òyìnbó kan wà níwájú, kò wo òun. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, òjò ń rọ̀ wọnú rẹ̀, aṣọ òyìnbó náà kò sì tutù. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ìyá rò pé ó ṣìnà ni, ó lọ mú iṣu tó fi sábẹ́ ahéré kó fún un, nígbà tó fi máa yíjú padà, koríko nìkan ló kù. Ọjọ́ kẹta ni ó tó gbọ́ pé ẹnì kan kú sétí odò. Ó sọ ohun tó rí, wọ́n ní ogbó ló ń dà á láàmú.

“Ìyá, báwo ni odò ṣe jìnnà sí ibí?” Lájídé bi í.

Ìyá fi ìka hàn án. Lẹ́yìn oko kọfí náà ni.

Lájídé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo tẹ̀lé e. Ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. A la àárín kọfí kọjá, a jáde síbi tí lọ́rì ti rì. Òjìdínnírinwó ẹsẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti igi kan, kò sunkún. Mo dúró tì í títí òjìji igi fi gùn dé inú odò. Nígbà tí ó dìde, ó ní ó yẹ kí òun ti rìn lọ wò. 

Ọjọ́ kejì ni ọyẹ́ là tí a fi fò dé Kábà. Láti ìgbà náà, àwọn ará Òkè-Bùkún kò gbọ́ ìró náà mọ́ àfi bí Lájídé bá ń kọjá lóòótọ́.

Iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ rà á, ó ṣe é. Ó gbé ọmọ tí ejò bù jẹ, ó gbé ọkùnrin tí igi wó lù ní Kiri, ó gbé ìmáàmù àgbà kan tí inú ń run. Ẹni tó bá ní, á fún un lówó epo. Ẹni tí kò bá ní, á gbé iṣu wá. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn, ó ní ẹrù yóò pọ̀ jù. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà.

Nínú oṣù Keje ọdún 1956, wọ́n gbé Rhoda wá láti Iyah-Gbede, ìyàwó àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Délé. Ọmọ ti dábùú nínú rẹ̀. Òjò ń ṣú, Délé sì fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ lọ, Lájídé kọ̀, èmi ni mo di ọkùnrin náà mú tí ọkọ̀ fi gbéra. Wọ́n dé Lọ́kọ́ja láyọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Rhoda, ó bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ kẹrin Lájídé lọ wò wọ́n, mo bá a lọ. Rhoda dúpẹ́ títí, ó wá ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ náà.

 Lájídé bèèrè pé ìyàwó wo.

“Èyí tó jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀,” Rhoda ní. “Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó rin gbindin bíi pé inú òjò ló ti wá. N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó kàn ń bi mí ṣáá pé odò mélòó ló kù.”

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo ní n kò mọ̀, mo ní òkè la wà. Ó wá dákẹ́. Nígbà tó yá ó ní, a ti sọdá gbogbo rẹ̀.”

Lájídé ní òun yóò jíṣẹ́. Ó kí Délé, ó súre fún ọmọ, ó rìn jáde jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ògiri ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó di okùn mú, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Mo yíjú sẹ́yìn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sì bojú wẹ̀yìn rárá láti Lọ́kọ́ja dé Kábà.

Lẹ́yìn ìyẹn ó jẹ́ kí àwọn ìbátan máa jókòó ti èèyàn wọn. Kò sẹ́ni tó tún rí nǹkan kan.

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ títí di ìgbẹ̀yìn ọdún 1958, nígbà tí alábẹ̀wò kan wá láti Kàdúná, tí ó ní ọ̀rinrin ti ba igi apá rẹ̀ jẹ́, kò gbọdọ̀ fò mọ́. Aláìsàn mẹ́tàlélógún ni Lájídé ti gbé, méjì péré ló kú nínú wọn. Moses wọ ọkọ̀ wá sílé láti bá a tú u. Wọ́n ta ẹ́ńjìnì rẹ̀ fún àwọn tó ṣì lè lò ó. Igi rẹ̀, Gbádéyan káfíńtà ní òun lè fi ṣe àga. Ó kó o lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì kó gbogbo rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tò ó sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ìlọta, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Kò sẹ́ni tó bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Lájídé fẹ́ Florence, nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá sí díspẹ́ńsárì Kábà. Lájídé ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un kí ó tó gbà láti fẹ́ ẹ. Èmi ni mo kọ ìwé ìpè ìgbéyàwó wọn. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ fún Lájídé, mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ìyẹ̀fun bò ó dé ìpéǹpéjú, ó ń bá obìnrin kan jà lórí èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa. Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó ní kí n kà á fún òun. Lẹ́yìn tí mo kà á tán, ó ní kí n tún orúkọ Florence kà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín.